Sìmẹ́ǹtì ọdún 1975 àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó máa já sí

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ìjọba tàbí oníṣòwò dáwọ́ lé, tó wá já síbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ti sìmẹ́ǹtì 1975 ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò tíì rí èyí tó jù ú lọ ní ilẹ̀ yìí.

Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé lẹ́yìn 1973. Ìjọba Gowon fẹ́ kọ́ ọ̀nà, kọ́ ilé, kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun tó ti ogun abẹ́lé dé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra sìmẹ́ǹtì. Èyí tí wọ́n rà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, Ilé-iṣẹ́ Ààbò nìkan ló sì ni nǹkan bí 16 mílíọ̀nù níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́: èbúté Èkó kò lè já ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ lọ́dún, ká tiẹ̀ ní wọn ò já ohun mìíràn rárá.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1975, ọkọ̀ tó lé ní 400 ló tò sójú òkun, púpọ̀ jù lọ wọn ló ru sìmẹ́ǹtì. Ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ wà lẹ́yìn wọn, kò ríbi wọlé. Ọjà gbówó lórí. Ìlú tí owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ láti ọjọ́ tó ti wà, òun ni ọjà wá wọ́n fún. Ní July 29, 1975, Gowon wà ní Kampala níbi ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọ̀gágun gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní sọ pé sìmẹ́ǹtì nìkan ló lé e, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni: ta ló jèrè? Kí ẹni tó bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ náà fi tiẹ̀ kún un.

Ejẹ́ńtì Wọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n bá yín là á. Bí èèyàn bá háyà ọkọ̀ òkun, wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé pé iye ọjọ́ báyìí ni ẹ fi máa já ẹrù. Tí ọjọ́ bá pé tí ẹrù ṣì wà nínú ọkọ̀, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Òjò ń rọ̀ o, Kérésìmesì ni o, kò kàn wọ́n. Ohun tí à ń pè ní dẹ̀mọ́réèjì nìyẹn. Nínú ìwé àdéhùn sìmẹ́ǹtì yẹn, ó lé ní 3,000 dọ́là lójúmọ́ fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, owó ayé ìgbà yẹn o.

Ẹni tó wá ní ògbólógbòó ọkọ̀ tó ti ń wá ẹni tó máa bá òun fọ́ ọ tà bí irin, kí ló tún kù tó ń wá? Ó di sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀, ó fà á wá sójú òkun Èkó, ó jókòó. Ọkọ̀ tí kò rìn ń pa owó ju èyí tó ń rìn lọ. Sìmẹ́ǹtì kì í sì í ṣe ohun tó ń dúró dè èèyàn. Ọ̀rinrin òkun wọ inú àpò, ó gan, ó di òkúta.

Nítorí náà, ẹ má pè é ní àṣìṣe fún mi. Ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Olè ni.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fẹnu bà. Nígbà tí Murtala gorí oyè, ìjọba ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, Báńkì Àpapọ̀ náà sì fọwọ́ mú owó. Ilé-iṣẹ́ kan ní Switzerland, Trendtex, ti gba ìwé lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ pé báńkì náà ló máa san owó 240,000 tọ́ọ̀nù. Wọ́n gbé báńkì lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Báńkì ní apá kan ìjọba Nàìjíríà lòun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ayébáyé, kóòtù ọba kan kì í pe ọba mìíràn jókòó kó dá ẹjọ́ rẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní January 1977, Lord Denning àtàwọn méjì tí wọ́n jọ jókòó ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ní báńkì yẹn kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Denning tún lọ síwájú sí i: ìjọba tó bá wọ ọjà lọ ra sìmẹ́ǹtì, oníbàárà ni bí oníbàárà yòókù; tí kò bá sanwó, kó wá jẹ́jọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó gba ọ̀nà kan náà. Ní 1981, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New York dá irú ẹjọ́ kan náà lórí sìmẹ́ǹtì yìí kan náà, Texas Trading ni wọ́n ń pè é, Nàìjíríà tún fìdí rẹmi.

Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin àgbáyé, Lọ́ńdọ̀nù ni o, Jòhánẹ́sbọ̀ọ̀gì ni o. Ẹjọ́ méjèèjì yẹn wà nínú ohun tí wọ́n kà. A fẹ́ kọ́ bárékè, òfin ayé la padà bá wọn kọ́.

Àlàbí Aláwàdà

Áà! Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà mú bàálù Ààrẹ wa ní Faransé ní 2024? 😂

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

@Àlàbí, kì í ṣe tààrà. Ti 2024 yẹn, àdéhùn láàárín ìpínlẹ̀ Ògùn àti ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, Zhongshan, ló dà rú. Ìgbìmọ̀ onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù dá Zhongshan láre, wọ́n wá ń lé dúkìá Nàìjíríà káàkiri, kóòtù Paris sì fún wọn láṣẹ lórí bàálù mẹ́ta. Faransé ní òfin tiwọn. Ṣùgbọ́n èrò pé ìjọba lè jẹ gbèsè ọjà kí wọ́n sì gba ohun ìní rẹ̀, ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ti fi orúkọ wa kọ ọ́ sínú ìwé láti 1977.

Ìyá Olóúnjẹ Máìlì 2

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò ì sọ ti Tin Can. Nítorí ọkọ̀ tó há sójú òkun yẹn ni wọ́n ṣe sáré kọ́ èbúté Tin Can, 1977 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ní ọkọ̀ kò ní tò sójú òkun mọ́. Wọ́n wá kó títò náà wá sórí ilẹ̀.

Èmi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lójú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì nígbà tí tírélà gba gbogbo títì. Kì í ṣe pé wọ́n ń kọjá o, wọ́n ń gbé ibẹ̀. Awakọ̀ á so aṣọ mọ́ abẹ́ tírélà rẹ̀, á sùn sínú rẹ̀. Mọ́tò-bọ́ọ̀yì á fọ ṣòkòtò, á sá a sára dígí. Wọ́n á wẹ̀ pẹ̀lú omi ọ̀rá lẹ́yìn táyà ní ìdájí kí àwọn èèyàn tó máa kọjá. Mo ti ta àwìn fún awakọ̀ kan lọ́jọ́ Ajé, mo tún bá a lójú kan náà lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti sún síwájú tó ilé méjì péré. Oníbàárà tí kò lè sá, níbo lẹ ti tún máa rí irú ẹ̀?

Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Olúwa ṣí ọ̀nà yìí, nítorí ọmọ mi ń dé iléèwé lágogo mẹ́wàá. Ní 2021, ìjọba gbé ìlànà tuntun dé, wọ́n ń fi fóònù pe tírélà wọ èbúté, "Ètò" ni wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà ṣí fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Ìkòkò mi kò tán títí ilẹ̀ fi ṣú. Àdúrà mi gbà, ọjà mi kú.

Ejẹ́ńtì Wọ́ọ̀fù

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ojú ọ̀nà o. Ẹ ò mọ̀ pé Ètò náà bí tiẹ̀? Nígbà tó ṣe, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyè tí wọ́n fi ń pe tírélà fún ara wọn. Owó tí wọ́n ń gbà lójú títì tẹ́lẹ̀ wọ inú fóònù lọ.

Káyọ̀dé Ọlọ́kọ̀

Èmi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láyé ológun, ní ìparí àwọn ọdún 1970, súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Èkó le débi pé wọ́n pín nọ́ńbà ọkọ̀ sí méjì: ti òní kò gbọdọ̀ jáde lọ́la. Àwọn olówó ra ọkọ̀ kejì, ọ̀kan nọ́ńbà yìí, ọ̀kan nọ́ńbà tọ̀hún. Ọkọ̀ tó wà ní Èkó tún wá pọ̀ sí i.

Àdìgún Tí Ń Kàwé

Ti yín ò tó ti Hanoi. Ní 1902, àwọn Faransé tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ń bẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn, wọ́n ní ẹni tó bá pa eku kó mú ìrù rẹ̀ wá gba owó. Ìrù ń wọlé kítikìti, eku ò dínkù. Wọ́n wá rí i pé eku tí kò nírù ń sáré kiri ìgboro. Àwọn ará ìlú ń gé ìrù, wọ́n ń jọ̀wọ́ eku kó lọ bímọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń sìn ín. Gọ́tà ìgbàlódé tí Faransé kọ́ sí àdúgbò àwọn òyìnbó, tí wọ́n fi ń yangàn, ibẹ̀ gan-an ni eku ti ń pọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Kùmásí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, nítorí ó ní apá méjì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ apá kan ṣoṣo.

Ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó máa lọ. Àwọn tiwa, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọn ò mọ̀ pé àjèjì ni wọ́n. Ìyá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Kùmásí. Ó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, òwú, kọ́bọ̀-kọ́bọ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ní owó tí kò tó ti ọ̀kan, ó kó àwọn ọmọ sínú lọ́rì. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi ń sọ èdè Twi, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní ará Gánà.

Èrò ìjọba ni pé ọmọ ìlú máa gba ṣọ́ọ̀bù, gba iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbà, wọn ò lè gba ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé inú rẹ̀. Èyí tó burú jù wà lóko. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó Gánà, púpọ̀ wọn wá láti Upper Volta (Burkina Faso òde òní), Tógò àti Niger, àwọn náà sá lọ. Gánà ló ṣíwájú gbogbo ayé nínú kòkó nígbà náà, tó lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù ní 1964 sí 1965. Nígbà tó fi máa di 1983 sí 1984, ó ti já sí nǹkan bí 160,000. Mo mọ̀ pé ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ 1983 wà níbẹ̀, owó tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ náà kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oko tí kò rí ẹni ro ó.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Gánà dẹnu kọlẹ̀, níbo ni àwọn ọmọ wọn wá? Ọ̀dọ̀ wa. Owó epo ń pè wọ́n. Ní January 17, 1983, ìjọba Shagari náà sọ tirẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó jáde. Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà pa láti 1982, nítorí náà wọ́n há sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ títí wọ́n fi ṣí i ní ìparí oṣù.

Àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tó lọ. Ìjọba UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ti sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wọn láti 1979, iléèwé pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, olùkọ́ ò sí. Àwọn ọmọ Gánà ló di àlàfo náà. Èmi wà ní kíláàsì kẹta. Olùkọ́ ìṣirò wa kọ iṣẹ́ sójú pátákó lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní ká ṣe é wá. Títí a fi wọ kíláàsì kẹrin, a ò rí ẹlòmíràn tó lè ṣe é.

Èjìgbò-Abidjan

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ rèé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa kó má di pé ẹni tó gba àjèjì mọ́ra ló máa ń là. Ní Côte d'Ivoire, Ààrẹ Houphouët-Boigny ní ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó bá ro ó. Àwọn ará Burkina Faso àti Mali ya wọ oko kòkó, orílẹ̀-èdè náà sì gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Gánà kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Àwa Èjìgbò náà pọ̀ ní Abidjan. Ẹ wá sílé wa lásìkò ọdún, ẹ máa gbọ́ Faransé ní ọjà bí ẹni pé ẹ ò kúrò ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan.

Nígbà tí owó kòkó já, tí bàbá arúgbó sì kú ní 1993, ilẹ̀ tí wọ́n ti fún àjèjì yẹn náà ni wọ́n fi dá ìjà sílẹ̀. Bédié tó gba ipò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ "ta ni ọmọ ìlú gan-an" dìde, ó di ogun ní 2002. Gánà lé àjèjì, kòkó kú. Ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n gbà á, kòkó yè, ogun dé. Kí ẹni tó bá ti rí ọ̀nà àbáyọ sọ fún wa.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti sìmẹ́ǹtì, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, owó gan-an ni wọ́n fi ṣe é. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń ná, Maldives ló ti ń wá, ẹyọ kékeré. Ní 1845, Hertz, oníṣòwò ará Hamburg, rí i pé ẹyọ ńláńlá wà ní Zanzibar lọ́pọ̀ yanturu. Ó kó o wá sí etíkun wa, àwọn èèyàn gbà á. Ilé-iṣẹ́ O'Swald, ará Hamburg kan náà, tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ̀dó sí Èkó ní àwọn ọdún 1850, wọ́n sì ń fi ẹyọ Zanzibar ra epo pupa.

Èrè rẹ̀ bùáyà. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ṣa owó ní etí òkun ibì kan, tó ń ná an ní ibòmíràn! Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wọlé ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ, alágbàrù kan máa ń rù ú nígbà tí ẹyọ ṣì kéré. Ti Zanzibar wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó lè rà sì ń kéré sí i lójoojúmọ́. Ó débi pé owó tí èèyàn máa san fún ẹni tó ru owó ń jẹ owó náà tán lójú ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò yẹn fi ọwọ́ ara wọn ba ohun tí wọ́n fi ń jèrè jẹ́, owó fàdákà òyìnbó sì wá gba ipò rẹ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ní January 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú ní Bahia dìtẹ̀ nínú oṣù Ràmàdáànì. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ibẹ̀ pa àwọn kan, wọ́n lé àwọn òmìnira mìíràn jáde, wọ́n fayé ni àwọn tó kù lára. Àwọn tó padà wálé, tí à ń pè ní Àgùdà, tẹ̀dó sí Èkó, Wídà àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà tí wọ́n ti kọ́ ní Brazil. Ẹ lọ wo mọ́sálásí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́: ojú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti Bahia pátápátá. Ti Shitta-Bey ní Èkó tí wọ́n ṣí ní 1894, ọmọ Àgùdà, João da Costa, ló kọ́ ọ. Brazil ń sá fún Mùsùlùmí, ọgbọ́n ìkọ́lé Brazil ló wá ń kọ́ mọ́sálásí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ejẹ́ńtì, mo fẹ́ bá ẹ fà á díẹ̀. O ní olè ni, kì í ṣe àṣìṣe. Nínú ìdájọ́ New York 1981 tí Agbẹjọ́rò mẹ́nu bà, wọ́n ní àdéhùn 109 ni ìjọba ṣe pẹ̀lú oníṣòwò 68, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rà ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ ni, nítorí wọ́n rò pé díẹ̀ péré nínú wọn ló máa lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Wọn ò fọkàn tán àwọn oníṣòwò. Oníṣòwò wá mú ìlérí ṣẹ, ìyẹn ló dí èbúté pa. Ká ní onírọ́ ni gbogbo wọn, bóyá sìmẹ́ǹtì ì bá tó wa gẹ́lẹ́.

Ejẹ́ńtì Wọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n máa sọ ní kóòtù nìyẹn. Ẹ dá mi lóhùn èyí: ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ ò ní dé, kí ló ń fi dẹ̀mọ́réèjì olówó gọbọi sínú ìwé ṣe?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Nítorí èbúté Èkó ti kún kí sìmẹ́ǹtì tó dé. Ọlọ́kọ̀ wo ló máa gbà láti wá jókòó síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ejẹ́ńtì Wọ́ọ̀fù

Ẹ wá rí i bí? Wọ́n mọ̀ pé ó ti kún.